Ìrẹsì Ẹ̀gbọ́n Mi, Lẹ́yìn Tí Ìjọba Gbówó Lé Ti Òkèèrè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ìyá wa bí ṣáájú mi. Ọ̀mù-Àrán ni àwa méjèèjì ń gbé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ń ta ìrẹsì. Kì í ṣe ìrẹsì ilẹ̀ wa nígbà yẹn o. Ìrẹsì òkèèrè tó funfun báláú ni, èyí tí gbogbo ènìyàn fẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Párákú, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló ti ń rà á. Obìnrin náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ara ìyá wa kò yá, obìnrin Párákú yìí ló wá, tó ń wẹ ọmọ, tó ń se omi gbígbóná fún ìyá ọmọ. Ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní ti ọjà nìkan.

Rédíò la ti gbọ́ ọ. Ìjọba ti bu owó ibodè gọbọi lé ìrẹsì òkèèrè, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ rárá. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ wa lè rí ọjà tà ni, kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì nílé sì lè ríṣẹ́ ṣe. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù fi wá bá ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Màmá, ẹ má dààmú. Ọ̀kadà ń gba inú igbó. Ẹ ṣáà sọ iye àpò tí ẹ fẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó ní, “Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? Bí wọ́n bá mú mi, kí ni n óò wá máa kọ́ wọn? Má bínú, ọmọ mi. Máa lọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣófo. Ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni pé ọjà kún un. Ìgbà tó yá ló sọ fún mi pé, “Ṣebí wọ́n ń gbin ìrẹsì ní agbègbè Ṣàrẹ́. N óò lọ rà á, n óò bó o fúnra mi.” Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò fowó ra ìrẹsì olókúta? Ó ta ẹ̀rọ amóhuntutù rẹ̀ àti àwọn aṣọ òkè rẹ̀ kan, ó sì ra ògbólógbòó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ gbé ìrẹsì náà lọ. Wọ́n sè é, wọ́n bù ú fún gbogbo ìjọ. Bí díákónì àgbà ṣe gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, a gbọ́ “kàù!” Baba di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Kò pẹ́ tí òmíràn tún dún lápá ọ̀dọ̀ àwọn akọrin. Ká ní èmi ni, mo ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó kúnlẹ̀ fún baba, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi ni mo bó o, n kò bó o dáadáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìrẹsì mi náà lẹ ó tún jẹ.”

Ó padà sí ọ̀nà Ṣàrẹ́, ó lọ bá àwọn obìnrin Tápà tí wọ́n ti ń bọ ìrẹsì nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó bó o, láti ìgbà ìyá wọn. Ó jókòó tì wọ́n níbi ìkòkò. Wọ́n kọ́ ọ pé kí ó máa pààrọ̀ omi tó fi ń rẹ ẹ́ kó má baà rùn, kí ó má sì sá a sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, orí tapólì ni. Ó kó àwọn opó mélòó kan jọ ní àdúgbò wa, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń ṣà á. Nígbà tí ìkórè mìíràn dé, díákónì àgbà jẹun tán, ó tún ní kí wọ́n bu sí i.

Ṣùgbọ́n ìrẹsì wọ́n, ti òkèèrè àti ti ilé. Ní ilé tèmi, ọjọ́ Ìsinmi nìkan la wá ń sè é; ọkà la fi ń gbé ọ̀sẹ̀ ró. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bínú wá bá ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, “Ti òkèèrè wọ́n, a gbà. Tiyín ńkọ́, mà? Àbí Ṣàrẹ́ náà ti di òkèèrè ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sídìí ẹ̀rọ. “Gbogbo ènìyàn ló ń sáré lọ bá àgbẹ̀ báyìí, àgbẹ̀ náà ti fowó lé e. Epo dísù tí ẹ̀rọ yìí ń mu nìyẹn, òun náà wọ́n. Irin inú ẹ̀rọ yìí, òkèèrè ló ti ń wá, wọ́n ti gbówó lé òun náà. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó òfin yìí, èmi ni mò ń jẹ nínú rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń ya ìrẹsì tó bá ṣẹ́ sọ́tọ̀, tó ń tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn tí agbára wọn kò ká odindi. Mo ti rí oníṣòwò púpọ̀, n kò tíì rí èyí tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà rẹ̀.

Ohun tó dùn ún jù ni ti Párákú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. “Ẹ̀yin ará Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Ìrẹsì tí mo kó sílẹ̀ nítorí yín, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Ìwọ náà sì ti di ẹni tó ń bó ìrẹsì!” Ó pa fóònù, kò sì gbé e mọ́.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà Ìlọrin lọ títí a fi kọjá ẹnubodè, tí a sì dé Párákú. Ìwọ̀nba ìrẹsì tó mú lọ kò ju ẹ̀bùn lọ. Obìnrin náà fún wa lómi mu, ṣùgbọ́n kò kí wa káàbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èmi kọ́ ni mo ti ibodè mọ́ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tì í ṣe mí láǹfààní, ó sì pa ọ́ lára. Mo wá kí o lè bú mi lójú mi.”

Obìnrin náà kò bú u. Ó da ìrẹsì náà sínú àwo, ó fọwọ́ tú u, ó wá òkúta títí, kò rí. Ó gbé e kaná. Nígbà tó jẹ ẹ́, ó ní, “Ó dùn. Inú ń bí mi pé ó dùn.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, kí a tó mọ̀, ẹkún ni àwọn méjèèjì ń sun. Àdánù rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn padà. Ó ti ta èyí tí kòkòrò jẹ fún àwọn tó ń sin adìẹ. Ṣùgbọ́n ó tún ń gbé fóònù.

Lẹ́yìn náà, ìjọba tún dẹwọ́ díẹ̀, ìrẹsì òkèèrè padà dé, àwọn oníbàárà kan sì sá padà sídìí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lé ẹnikẹ́ni nínú àwọn opó náà. Wọ́n pín ọjọ́ iṣẹ́ láàárín ara wọn. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ó bá alágbẹ̀dẹ kan ṣe àdéhùn lórí ààrò tí wọ́n ń fi èèpo ìrẹsì dáná sí dípò igi, kí ìnáwó lè dín kù. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n mi kó èèpo sí i, ó ṣáná sí i, ó ní kí n mú apẹ̀rẹ̀ kejì wá kí iná má baà kú. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo gbé e lọ fún un.