Kútéèsì Màmá Mi Lára Jíà Ọkọ̀

Nígbà tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga ju táyà ọkọ̀ bàbá mi lọ, inú Festac níbí là ń gbé, ọkọ̀ yẹn ló sì ń bọ́ wa. Ọkọ̀ akẹ́rù tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó kí bàbá mi tó rà á. Wọ́n fi ń kó búlọ́ọ̀kù láti Ijegun-Egba lọ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé mo fẹ́ ṣe bí àgbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé tí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, ojú á tì mí kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Bàbá mi kì í fọkàn tán mẹkáníìkì kankan. Wọ́n gbà pé jíábọ́ọ̀sì ló dára jù lára ọkọ̀ náà, pé ojúlówó tó bá a wá láti òkè òkun ni. Tí ẹnikẹ́ni bá yọ àwọn jíà, irin inú rẹ̀, tó fi àlòkù mìíràn rọ́pò, oúnjẹ wa parí nìyẹn, torí a ò lágbára àtira òmíràn. Fúnra wọn ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, wọn á fi ìka pa á wò bóyá irin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í gbẹ́sẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì àfi tí wọ́n bá fẹ́ yí jíà, wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ń sinmi níbẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì náà jẹ tán. Lọ́jọ́ kan tí a gbẹ́rù kúrò ní Alákijà, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò sáré, òórùn ohun tó ń jó gba iwájú ọkọ̀. Mẹkáníìkì kan ní Àmùwò ní kílọ́ọ̀ṣì ti tán, pé òun á sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kóun tó débẹ̀, òun á sì kúkú tú u, kóun wo bẹ́árìn tó ń pariwo nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "tú u" yẹn ò dùn mọ́ bàbá mi létí. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u tán, tí bàbá mi fẹ́ lọ ra kílọ́ọ̀ṣì lọ́jà, wọ́n yọ kútéèsì pupa tí màmá mi fi ń kun èékánná lápò, wọ́n fi sàmì sára jíà kọ̀ọ̀kan.

Mẹkáníìkì pariwo, "Dádì! Ṣé jíà ń lọ ṣègbéyàwó ni?"

Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín.

"Máa rẹ́rìn-ín," ni bàbá mi wí. "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe." Wọ́n gbé mi jókòó sórí táyà, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára jíà.

Mi ò gbójú kúrò lóòótọ́. Tí mẹkáníìkì bá wúkọ́, màá rò pé ó ń ṣẹ́jú sí ẹnì kan. Ọkùnrin kan gbé ọ̀rá dúdú wá fún un, àyà mi já, mo ní jíà àlòkù rèé. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni.

"Àǹtí ọlọ́pàá, mo fẹ́ fọ̀ ọ́ o. Ṣé ẹ gbà?" ni mẹkáníìkì bi mí.

Mo mi orí pé mo gbà. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kẹrosíìnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha wọ́n.

Nígbà tí bàbá mi dé, tí wọn ò rí àmì pupa kankan, wọ́n figbe ta. "Níbo lo gbé jíà mi sí?"

"Dádì, kẹrosíìnì ló fọ̀ ọ́ kúrò! Lórí ọ́ìlì lẹ kùn ún sí, báwo ló ṣe máa dúró? Ẹ bi ọmọ yín."

Ojú gbogbo ọgbà yí sí mi. "Ó wà nínú abọ́," ni mo sọ, ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ kẹrosíìnì. Èépá pupa lẹ̀ mọ́ ìka wọn. Wọ́n wò ó títí.

"Ṣé mẹkáníìkì náà ò lè ra kútéèsì, kó fi kun jíà mìíràn ni?" ni wọ́n wí.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó na ṣísẹ́ẹ̀lì, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ nǹkan, sí wọn. "Ẹ gbà, Dádì. Ẹ fi èyí sàmì. Ibi tí kò ti ní pa á lára rèé." Bàbá mi sì gbà á lóòótọ́, wọ́n gbẹ́ àmì tiwọn sára jíà kọ̀ọ̀kan kí mẹkáníìkì tó tò wọ́n padà.

Bí a ṣe ń lọ sílé, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Bàbá mi pa rédíò.

"Ṣé o gbọ́ ariwo kan?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò gbọ́." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Orúnkún ń dun bàbá mi, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó sórí táyà ṣọ́ mẹkáníìkì mọ́. Fídíò iṣẹ́ ni àwọn mẹkáníìkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ti kílọ́ọ̀ṣì tuntun ránṣẹ́ sí wa, bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan la rí, a ò rójú ẹnì kankan. Bàbá mi gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló sọ pé ọkọ̀ wa nìyí?"

Mo gba fóònù náà, èmi náà wò ó. Mi ò mọ̀. Mo dìde, mo lọ bá wọn wá bàtà wọn, ká jọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.