Ìwé Tí Wọ́n Gbà Padà Lọ́wọ́ Àǹtí Verlene

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kí obìnrin yẹn tẹ̀rín-tẹ̀rín?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi Verlene Tubbs, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, léèrè bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ilé la ti ń bọ̀. Obìnrin tí mo ń wí ni Miss Rochelle, akọ̀wé ibẹ̀, ẹni tó gba ìwé padà lọ́wọ́ Àǹtí. Àǹtí ò wò mí. Ó ní, "Di bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ. Òtútù ń mú."

Ẹni tó bá ní ìwé náà, ìjọba á máa bá a san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé. Ọdún mẹ́jọ ni Àǹtí fi dúró kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ ò sì lè gba yàrá kan ní ìlú wa ní Ohio, nítorí náà orí àga gígùn pálọ̀ wa ló ń sùn. Lánlọ́ọ̀dù ò mọ̀. Bó bá mọ̀, gbogbo wa ló máa lé jáde.

Nígbà tí ìwé dé, Àǹtí wá ilé títí ó fi rí ọ̀kan. Wolé-wolé ọ́fíìsì náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní fèrèsé yàrá ò ṣeé ṣí, Àǹtí ò sì lè wọlé títí wọ́n á fi tún un ṣe. Onílé ní òun á tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé, owó tán lọ́wọ́ ọ́fíìsì. Wọ́n gba ìwé padà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí kò tíì wọlé, wọ́n sì ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

"Fèrèsé lásán!" ìyá mi figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ì bá ti fi òòlù ṣí i!"

"Wolé-wolé á tún ní gíláàsì ti fọ́." Àǹtí ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀ lọ. "Mo máa lọ bá wọn."

Oṣooṣù ni ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì náà ń ṣèpàdé, wọ́n sì ń fún ará ìlú láyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Àǹtí ń bèèrè: bí owó bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ó wá àwọn yòókù kàn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi iṣẹ́, ó ń kó wọn lọ.

"Màdáámù, àkókò yín ti tán," ni Ọ̀gbẹ́ni Haskell, alága, máa ń sọ.

"Tèmi ti tán látọjọ́ tẹ́ ẹ ti gba ìwé lọ́wọ́ mi, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi."

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Alága náà á wolẹ̀.

Ní ìgbà òtútù ọdún kejì, lánlọ́ọ̀dù wa rí bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi ìyá mi pé, "Ta ló ni èyí? Ẹsẹ̀ tìẹ ò tóbi tó yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wá kí wa ni."

"Lójoojúmọ́?"

Àǹtí ò jẹ́ kó lé wa. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti tẹ́ nǹkan fún un sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ dìde.

Ní ọdún kẹta, owó díẹ̀ dé, ìgbìmọ̀ sì gbà. Àwọn tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kí Àǹtí tó fọwọ́ sí ilé tuntun, ó ti ṣí gbogbo fèrèsé ibẹ̀ wò.

Ìyà ò tán fún gbogbo èèyàn o. Ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà ní títì títí dòní.

Ọjọ́ Àìkú kan tó kọjá, mò ń bá Àǹtí gé kárọ́ọ̀tì ní kíṣìnnì tirẹ̀. Ó ṣàdédé ní, "O bi mí léèrè Rochelle nígbà kan."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Orúkọ tiẹ̀ náà wà lára àwọn tó ń dúró de ìwé, lẹ́yìn tèmi. Ọjọ́ tó ń gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó mọ̀ pé wọn ò ní í pe òun mọ́. Ṣé òun ni kí n wá bú?"