Ibi Tí Ọ̀bọ̀kún Ń Yé Ẹyin Sí

Díákónì Ọláníyan kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ títí ìwàásù yóò fi parí. Àwa tí a jọ ń jọ́sìn ní Kétu ti mọ ìwà yìí mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ àga, ojú rẹ̀ a máa yà sí fèrèsé, bí a bá sì ti ṣe àmín tán, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Vivian, ìyàwó rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àdàbà tí Nóà rán jáde nínú ọkọ̀ ni òun fẹ́, èyí tí ó fò káàkiri orí omi tí kò rí ibi tí yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé. Ọláníyan a rẹ́rìn-ín, a sì dìde.

Orí omi náà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ń ya máàpù ní iléeṣẹ́ kan tí ó ń bá ìjọba wọn odò. Ní àsìkò òjò ọdún 2007, wọ́n ní kí ó ya ọ̀nà tí ọ̀bọ̀kún ń gbà. Ẹja yìí kì í gbé ojú kan. Bí òjò bá ti rọ̀ tí Odò Ògùn sì kún, a kúrò nínú ọ̀sà, a gòkè odò lọ yé ẹyin, a sì padà nígbà tí omi bá fà. Búlúù ni Ọláníyan fi ń kun ibi tí ẹja náà ṣì ń dé. Ìlà pupa ni ó fi ń sàmì sí ibi tí ó ti máa ń dé rí, tí kò dé mọ́. Ibi tí kò bá ti sí ẹja láyé àtijọ́ tàbí lónìí, funfun ni yóò wà. Funfun yẹn ni ó wúwo jù, nítorí pé ibikíbi tí ó bá funfun lórí máàpù náà ni ìjọba yóò ti gba àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn láàyè.

Ìdí nìyí tí kò fi sinmi. Láti Àgbóyì títí dé Ìṣẹri, ó wọ ọkọ̀ lọ bá àwọn àgbà etí omi, ó ní kí wọ́n na ìka sí ibi tí bàbá wọn ti ń dẹ ìgèrè. Iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọjọ́ Ajé ni yóò sì fi jíṣẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó bá Màríyámọ̀ pàdé ní ọjà Mile 12. Àgbóyì ni obìnrin yìí ti ń yan ẹja, ó sì ń gbé e wá tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì.

“Ọ̀gá Máàpù!” ó ké láti ẹ̀yìn agbọ̀n rẹ̀. “Ṣé ẹ ti kun Ọlọ́parun wa dáadáa?”

“Ọlọ́parun wo, Alhájà?”

“Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Odò kékeré tó yà sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn Àgbóyì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí gbogbo ẹja tí mò ń tà!”

Ọláníyan rántí. Ó ti dé ẹnu odò náà. Ó rí màrìwò tí wọ́n ta láti ara igi kan dé èkejì, ó sì ní kí atukọ̀ yí padà, bí ó ti ṣe ní ibòmíràn kan lókè Ìkòsí.

“Mi ò wọ ibẹ̀,” ni ó wí. “Ibi orò ni. Mo rí màrìwò.”

Màríyámọ̀ fi ọwọ́ lu itan. “Orò kẹ̀! Tó bá jẹ́ orò ni, ṣé èmi obìnrin á dé ibẹ̀ kí n padà wálé? Èmi ọmọ Lèmọ́mù, ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ó!”

“Kí lẹ wá so ó fún?”

“Kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé ni. Ọ̀bọ̀kún ń yé ẹyin níbẹ̀. Títí omi á fi fà, àwọ̀n ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ṣe é, a ò sì yẹ̀ ẹ́.” Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Kí lẹ fi kun ún?”

“Funfun ni.”

“Háà. Ọkọ̀ yanrìn ti wà ní kọ́rọ́ odò, ó ń retí. Ọ̀gá Máàpù, ẹ ti tà wá.”

Láàárín ariwo àwọn alábàárù ni Ọláníyan ti pe Akínbíyì, ọ̀gá rẹ̀, lórí fóònù nílé rẹ̀ ní Ògùdù.

“Ṣé ojú rẹ ló rí ẹja náà?” Akínbíyì béèrè.

“Wọ́n sọ fún mi ni, sà.”

“Ti àtijọ́ ni a ń gbà lẹ́nu àgbà. Búlúù ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ya á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun rí i. Má fi àánú kun máàpù, Ọláníyan.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Rahmon, àbúrò Màríyámọ̀, fi ọkọ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ. Wọ́n tẹ̀ ba kọjá lábẹ́ màrìwò. Nínú odò náà, ọparun tí a ti lu oríkèé inú rẹ̀ já ni àwọn apẹja rì sábẹ́ omi ní etí bèbè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a gbé e sókè, wọn a kó ẹja inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀kún omi, wọn kì í fọwọ́ kàn án, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀bọ̀kún fi ṣe ìyẹ̀wù. Omi náà pọ́n bíi tíì. Láti kọ́rọ́ odò, ẹ̀rọ yanrìn ń kùn láìdákẹ́.

“Ẹ gbé ẹyọ kan sókè kí n wò ó,” Ọláníyan wí.

“Rárá,” Màríyámọ̀ dáhùn. “Bí a bá gbé e, akọ tó ń ṣọ́ ẹyin á sá, ẹyin á sì bàjẹ́. Màrìwò tí mo so fún gbogbo ayé, ṣé èmi náà ni màá já a?”

Ọláníyan jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ọkọ̀ ń mì.

“Ọ̀gá, ẹ fìdí mọ́lẹ̀!” Rahmon pariwo. “Omi ló wà nísàlẹ̀ yìí o, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì!”

Ó gbàdúrà, ṣókí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Tọ́másì ni ó wá sí òun lọ́kàn: Olúwa kò lé ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Èmi náà sì gbà gbọ́ pé Ẹni tí ó dá ẹja ńlá inú òkun kò gbàgbé èyí tí ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀ nínú ọparun.

“Bí mi ò bá gbé e sókè ńkọ́? Bí mo bá kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ níbi tó wà?”

Màríyámọ̀ ronú. “Ìka nìkan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.”

“Ọ̀bọ̀kún ò mọ díákónì o,” Rahmon fi kún un. “Ẹ̀gún rẹ̀ burú.”

Ọláníyan bọ́ ẹ̀wù, ó gbàgbé láti bọ́ bàtà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Omi mù ún dé àyà. Ó táràrà títí ó fi kan ẹnu ọparun, ó sì ki ìka bọ̀ ọ́. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó rọ̀, tí ó ń yọ̀ bí ilá, tí ó sì ní hóró-hóró nínú. Kí ó tó fa ọwọ́ jáde, nǹkan mìíràn ta á ní àtẹ́lẹwọ́.

“Yéè! Jésù!”

Wọ́n fà á sínú ọkọ̀. Ní ìdí ààrò tí Màríyámọ̀ fi ń yan ẹja, ó ti ọwọ́ Ọláníyan bọ omi gbígbóná, ó ń káàánú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá ọmọ ló ta yín. Ẹ wọlé rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn.”

Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọwọ́ ọ̀tún náà ti wú bí búrẹ́dì. Akínbíyì wò ó láti òdì kejì tábìlì.

“Nítorí náà, o rí i.”

“Mi ò rí i, sà. Omi yẹn pọ́n jù. Mo fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì lu òǹtẹ̀ fún mi.” Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí ni pé, ‘Mo rí i.’”

“Mi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn, sà.”

Akínbíyì tún wo ọwọ́ náà. Ó mú gègé, ó fa igi lé ‘rí i’, ó kọ ‘fọwọ́ kàn án’ sókè rẹ̀, ó sì ti igo búlúù sí iwájú Ọláníyan. “Kun ún.”

Ọwọ́ òsì ni Ọláníyan fi kun ún. Búlúù náà wọ́ wọ inú Ọlọ́parun bí ejò tí ó mutí.

“Ṣé bí odò yẹn ṣe rí nìyí?”

“Ó fara jọ ọ́, sà.”

Akínbíyì bẹ̀rẹ̀ sí í ká máàpù náà. Ọláníyan gbé ọwọ́ wíwú rẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè Ìkòsí, tí ó ṣì funfun báláú.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má tíì ká a. Màrìwò wà níbẹ̀ yẹn náà.”

“Máàpù yìí ń lọ lónìí!”

“Ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, sà.” Ó ti dìde. Bàtà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń dún fọ̀-fọ̀ lórí ilẹ̀.

“Bó bá wá jẹ́ orò lóòótọ́ ńkọ́?”

“Màá kọ́kọ́ béèrè lọ́tẹ̀ yìí.”

“Ọwọ́ wo lo sì fẹ́ kì bọ inú ọparun?”

“Òsì, sà,” ó dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

“Ta ni yóò wá kun máàpù?”

Ọláníyan ti dé orí àtẹ̀gùn. Akínbíyì tú máàpù náà sílẹ̀ padà lórí tábìlì, ó sì fi igo búlúù sílẹ̀ láìdé e.