Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Màmá Irin, ẹ kọ́kọ́ fi imú yín wọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́: òórùn mílíìkì, òórùn ọṣẹ, òórùn ìlédìí tútù, àti imú ọmọ méjìdínlógún tí kò gbẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ni. Aago méje àárọ̀ làwọn òbí máa ń já ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni já ẹrù, wọ́n á sì sáré lọ síbi iṣẹ́. Látìgbà náà títí di aago márùn-ún, kò sí ohun tí àwọn ọmọ yẹn kì í fi sẹ́nu: ṣíbí ẹlòmíràn, ìka ẹlòmíràn, bàtà ẹlòmíràn. Ikọ́ tí ọ̀kan bá gbé wá láàárọ̀, kó tó di aago oúnjẹ ọ̀sán, ó ti kárí, àfi bíi pé wọ́n bù ú sábọ́ fún wọn.

Láàárín ogun yìí, Màmá Irin nìkan ló dúró bí òpó. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ á sín sí i lójú, á nu ojú, á máa bá orin rẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ló ń sọ ọ́ fún, àti ẹni tí kò fẹ́:

"Èmi? Láti ọjọ́ tí mo ti débí, n ò sín rí. Ikọ́ tó bá rí mi, ńṣe ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á sì wá ibòmíì gbà."

Obìnrin náà kò sì tóbi o. Bí afẹ́fẹ́ bá le díẹ̀, ẹ ní láti dì í mú. Àmọ́ orúkọ "Irin" tí wọ́n sọ ọ́ yẹn dùn mọ́ ọn bí oyin.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gba Bàbá Lọ́rì kún un. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ga débi pé ó gbọ́dọ̀ bẹ ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹ̀bùn tó bá a wá kò lẹ́gbẹ́: bí aago oorun ọ̀sán bá ti lù, á jókòó sáàárín àwọn ọmọ, á fi ọ̀fun dún bí ẹ́ńjìnnì tó ń gun òkè, "Gúrúrúrúrú..." Kó tó wọ jíà kẹta, gbogbo wọn ti sùn fọnfọn. Kó tó dé, wákàtí kan àti omijé ni oorun ọ̀sán máa ń gbà, omijé Màmá Irin ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀.

Àmọ́ ọkùnrin tí táyà bẹ́ mọ́ lójú ọ̀nà tí kò mikàn, àwọn ọmọ ọdún méjì dá a dọ̀bálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀fìnkìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Ti ọ̀sẹ̀ keje, inú ló ti wá, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bò ó. Ìgbà mẹ́fà ló dùbúlẹ̀ sílé láàárín oṣù mẹ́ta.

"Màmá Irin, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń lò?" ló bi í lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ há bíi hóònù tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. "Mo ti sùn sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀fọn jẹ mí, òjò pa mí. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ ló wá ń gbé mi ṣánlẹ̀?"

"Omi tútù ni, Bàbá. Ẹ máa fi wẹ̀ láàárọ̀ kùtù."

Irọ́ ni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá, obìnrin tó ń darí ilé náà láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, pe Màmá Irin sí kọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ràn Bàbá Lọ́rì, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ ara wọn ò gba iṣẹ́ yìí. Lọ́la ni màá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sinmi nílé. Ẹni tí ara rẹ̀ le bíi tiyín la nílò."

Ìyìn ni, àmọ́ ńṣe ni Màmá Irin yíjú sí ẹsẹ̀ tábìlì. Ó mọ ibi tí òtítọ́ wà. Tábìlì oúnjẹ àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀ kan tó kúrú, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú kan ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá tuntun yìí dé. "Kí tábìlì má baà máa mì," ló wí nígbà náà. Tábìlì ń mì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé òfìfo tí ì bá tì síbẹ̀ kún inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì wá fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bàbá Lọ́rì ń gbé wọn lé itan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dún "gúrúrú" sí wọn létí kí wọ́n má baà ké. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró kó ṣe tán. Màmá Irin rí i pé ọkùnrin náà ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, kò mọ ohun tó ń bọ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, ó fi èjìká gbé tábìlì, ó fa ìwé náà yọ. Tábìlì fì, ife yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ gbà, ẹ kà á."

Ọ̀gá ṣí i. Ìwé ìwásíṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, orúkọ tó wà lókè rẹ̀ ti pa rẹ́. "'Kò wá, ọ̀fìnkìn. Kò wá, ikọ́. Kò wá, ojú pípọ́n. Kò wá, ikọ́ náà ni. Kò wá, ó ní òun ò mọ èwo lèyí.' Ìgbà mẹ́rìnlá lọ́dún kan! Ta ni aláìlera yìí?"

"Èmi ni."

Ọ̀gá gbójú sókè kúrò lára ìwé.

"Èmi tí n ò sín rí," ni Màmá Irin wí. "Ọ̀gá tó ṣáájú yín ló mú sùúrù fún mi. Lọ́dún kejì, ó di ìgbà márùn-ún. Lọ́dún kẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré. Irọ́ ni mo fi kún ìyókù."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló wá ṣàjèjì níbẹ̀? Ẹ̀ṣọ́ wà nínú ara èèyàn. Olè tí wọn ò rí rí, ìyẹn àrùn tuntun, lè kọjá lójú wọn, ìgbà tí ilé bá dàrú tán ni wọ́n máa tó mú un. Àmọ́ tí wọ́n bá ti mú un lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í tètè gbàgbé ojú rẹ̀. Bó bá padà wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti nà án. Oríṣi ọ̀fìnkìn lé ní igba, ìyẹn ló ṣe ń gba ọdún." Ó gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Èyí ńkọ́? Àwòrán olè ni. À ń fi han ẹ̀ṣọ́ kí olè gan-an tó dé. Bàbá dá jókòó sínú ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, níbo ni ẹ̀ṣọ́ tiwọn ti fẹ́ mọ olè tí àwọn ọmọdé ń kó wá? Ní báyìí, wọ́n ti mọ mẹ́fà. Kí wọ́n ṣáà máa fọwọ́, kí wọ́n sì dúró sílé tí ara ò bá yá."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé mo ti di ahẹrẹpẹ?" ni Bàbá Lọ́rì bi í.

"Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ jẹ́, Bàbá."

Bàbá Lọ́rì yíjú sí Màmá Irin. "Ẹ̀yin lẹ wá ní kí n máa fi omi tútù wẹ̀! Aago márùn-ún àárọ̀! Eyín mi kù díẹ̀ kó já!"

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

Ọ̀gá pa ìwé náà dé. "Bàbá, ọdún kan ni mo fún yín, bí wọ́n ṣe fún Màmá..." Kò mọ orúkọ tó kù tó lè pè é.

"Màmá Irin," ni Bàbá Lọ́rì bá a parí rẹ̀. "Inú iná ni irin náà ti kọ́kọ́ gbà kọjá."

Màmá Irin fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ eruku ọdún márùn-ún ti dìde láti ara ìwé. "Hàṣín!"

"Eruku ni o! Eruku ni!"

Ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Lọ́rì gé pátákó kékeré kan, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Tábìlì dúró ṣinṣin. Ó wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kó tó wọ jíà kẹta, ọmọ méjìdínlógún ti sùn lọ, Màmá Irin sì ṣe ìkọkàndínlógún wọn.