Àjà Tí Mo Kàn Sílẹ̀ Jù

Láyé ìjọba òyìnbó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ṣe iṣẹ́ káfíńtà ilé kan ní Surulere. Pùláànì ní kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti ilẹ̀ dé àjà. Orí yanrìn lèmi ti wọ̀n ọ́n. Mi ò rò ti kankéré tí wọ́n máa dà lé e.

Nígbà tí wọ́n dà á tán, wolé-wolé wá fa tépù yọ. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, iṣẹ́ sì máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ̀bi.

“Kò pé mẹ́wàá. Ta ló kàn án?”

Ẹ̀gbọ́n mi ò wojú mi. “Èmi ni, sà.”

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lanu. A sin ín lóṣù tó kọjá. Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀.