Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá Ìyá Jẹ́jẹ́

Aṣọ tí kò dáa kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jẹ́jẹ́, àfi tí olè bá jí i gbé. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ránṣọ, ìwà kan náà ló sì ń hù látìbẹ̀rẹ̀: bí ọmọṣẹ́ bá rán ojú aṣọ wọ́, kò ní bú u. Á jẹ́ kó lọ sílé ná, á mú abẹ́, á tú u, á sì tún un rán títí á fi gún régé. Oníbàárà ò ní mọ̀, ọmọṣẹ́ gan-an ò ní mọ̀. Ó ń pè é láàánú. Àánú tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó ti ṣì í, ẹ bá mi wò ó!

Wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ní Jẹ́jẹ́ nítorí kò sóhun tó lè kán an lójú. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan, mà. Ó lè kàwé, ó lè kọ́ṣẹ́, àmọ́ ẹ wá ẹni tó máa fi sùúrù kọ́ ọ."

Ìyá gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní olódo lọmọ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún wọra. Látìgbà yẹn, bí Jẹ́jẹ́ bá ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán, tó lọ wẹ̀, ìyá á mú ìrésà, á pa èyí tí kò tọ̀nà rẹ́, á sì fi ọwọ́ wúruwùru bíi tọmọdé kọ èyí tó tọ̀nà síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé ìwé ṣí yàrá kékeré kan fáwọn ọmọ bíi Jẹ́jẹ́, pẹ̀lú tíṣà tó kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Àga mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀, ó sì ti ku ẹyọ kan nígbà tí Ìyá Jẹ́jẹ́ débẹ̀. Ó ti búra pé ọmọ òun ló máa jókòó sórí ẹ̀.

Tíṣà ibẹ̀ ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá Jẹ́jẹ́ wò. "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá tún nìyí. Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ má bínú, ọmọ tó ń gba máàkì báyìí ò nílò yàrá yìí. Tíṣà kíláàsì ẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé tó bá délé, ó ń ṣe dáadáa. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, mo máa fún ẹlòmíì ní àga yẹn."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ti obìnrin yìí ò ju ọdún méjì lọ. Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ìtìjú ò jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Méje àti márùn-ún ni wọ́n ní kó rò pọ̀. Ó to bọ́tìnnì méje, ó to márùn-ún tì í, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé méjìlá. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ 21.

Ọwọ́ ìyá ti wà lórí ìrésà kó tó mọ̀.

Jẹ́jẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé. "Mọ́mì, ẹ má tú u."

"Kí lo wí?"

"Ẹ máa ń tú u. Mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá tú u, tíṣà ò ní kọ́ mi."

Olódo tí wọ́n ń wí nìyẹn o! Ìyá rẹ̀ sunkún títí, ó wá ju ìrésà sínú apẹ̀rẹ̀ àkísà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà ò tíì ṣí ilẹ̀kùn tí Ìyá Jẹ́jẹ́ àti ọmọ rẹ̀ ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bọ́tìnnì. "Tíṣà, èmi ni mo gba gbogbo mẹ́wàá wọ̀nyẹn. Ẹ bá mi wí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Tọmọ mi rèé, mi ò sì ní kúrò níbí láìjẹ́ pé ẹ wò ó."

Tíṣà wo 21 náà títí, ó sì ní kí Jẹ́jẹ́ ka bọ́tìnnì náà lójú òun. "Ó kà á pé. Ìgbà tó fẹ́ kọ ọ́ ló yí i. Èyí ṣeé kọ́." Ó fa àga kẹjọ jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Jẹ́jẹ́ mú ìwé dé: mẹ́ta nínú mẹ́wàá. "Tèmi ni, Mọ́mì!" Ìyá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn aṣọ tó ti rán tán. Jẹ́jẹ́ wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e sókè sí i, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè rí i.