Àbẹ́là Lórí Ilẹ̀ Píjò

Láti ìgbà tí egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti jinná ni Yitbarek kò ti lè fìdí kanlẹ̀ mọ́. Bó bá gbé èrò dé láti Harar, tí àwọn awakọ̀ yòókù bá lọ mu kọfí lábẹ́ igi, òun á ṣí ilẹ̀kùn iwájú Píjò rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí èrò máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Á fa ọwọ́ yọ kíá. Á mí kanlẹ̀. Á tún gbé e padà.

"Kí ni ọkùnrin yìí ń wá gan-an?" ni wọ́n máa ń wí ní gáréèjì Dire Dawa. "Ó ń gbọ́wọ́ lé Píjò bí àlùfáà. Yitbarek, ṣé ẹ̀mí èṣù ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Ooru ni," á dáhùn.

"Ooru! Ní Dire Dawa? Lọ ra yìnyín jàre!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò ní í jáde, torí àjọ̀dún Kulubi ti ń kanlẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tí Yitbarek wà lọ́mọ ọwọ́, ibà gbé e dé bèbè sàréè. Aselefech, ìyá rẹ̀, jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì pé bí ọmọ yìí bá yè, òun á máa fẹsẹ̀ lásán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lórí òkè Kulubi ní àjọ̀dún rẹ̀ méjèèjì lọ́dọọdún títí ilẹ̀ á fi gba òun. Ọmọ yè. Ìyá sì ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá èrò gun òkè náà láìwọ bàtà. Nígbà tí orúnkún kọ̀, Yitbarek ní kó máa wọ Píjò tí bàbá òun fi sílẹ̀. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ló ti ń bọ́ bàtà. Ó ní orúnkún ló bẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ Aselefech. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, kò ní í mọ̀. Ní àjọ̀dún oṣù keje, ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé ilẹ̀ Píjò, kò mọ̀ pé ó ti gbóná, ó ń kọrin láti ilé dé òkè. Nígbà tí wọ́n dé Kulubi, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣí bí èèpo tòmátì tí a rì sómi gbígbóná. Obìnrin náà ṣì ń kọrin. Dókítà tó tọ́jú egbò náà wo Yitbarek lójú. "Bó bá tún jóná, gígé ni," ló wí.

Egbò jinná. Àjọ̀dún oṣù Kejìlá ló kù báyìí, èyí tí í ṣe ọjọ́ ìrántí bí Gébúrẹ́lì ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú ìléru ọba Nebukadinésárì, tó sọ iná di ìrì lára Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò. Èyí gan-an ló ń gún Yitbarek lọ́kàn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kì í jẹ ẹran nígbà ààwẹ̀, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run láìtẹríba. Síbẹ̀, bó bá di ìgbà àdúrà, ọ̀rọ̀ kan á dábùú ọ̀fun rẹ̀: Olúwa, áńgẹ́lì tó sọ ìléru di tútù, ṣé ilẹ̀ Píjò ló wá ṣòro fún un? Lójú ọ̀nà ilé Yín ni ìyá mi ti jóná, orin Yín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Á gé ọ̀rọ̀ náà sọnù, á fi àmì àgbélébùú kan ara. Ọ̀rọ̀ náà á tún hù.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tó rọrùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà nínú ọkọ̀. Bá a bá débẹ̀, ẹ bọ́ ọ."

Aselefech ń ṣa ẹ̀wà lẹ́ńtì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Nígbà tí ibà gbé ọ, ṣé mo sọ fún Gébúrẹ́lì pé kó wò ọ́ sàn díẹ̀ ná, bá a bá dókè kó wò ọ́ tán?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí ńkọ́?"

"Bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé? Gbé ìrọ̀rí rẹ lọ fún ẹni tó o máa fẹ́. Mo ti ń retí ìyẹn náà, mi ò rí i."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ padà sọ́rùn ọkọ̀. Yitbarek ra kápẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ. Ó tún ra òmíràn, ó tẹ́ ẹ lé e. Títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi ń ṣòro pa. Lọ́jọ́ kìíní á tutù. Lọ́jọ́ kejì kápẹ́ẹ̀tì á ti mu ooru yó, á máa rùn bí irun tó jó.

Juneydi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń jó irin lẹ́yìn ọjà, yọjú sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewé ṣáàtì tí wọ́n máa ń rún lẹ́nu bí obì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Súbúhánà! Ẹní tó pọ̀ tó báyìí? Ṣé Píjò ti fẹ́ máa kírun ni? Ì bá ti sọ fún èmi, mà bá mú un lọ mọ́ṣáláṣí."

"Juneydi, mi ò ṣàwàdà."

"Èmi náà ò ṣàwàdà. Ẹni tí ara ẹ̀ ń gbóná, aṣọ lo máa dà bò ó? Kó gbogbo ẹ̀ jáde. Ká lọ wo ohun tó ń ṣe é nísàlẹ̀."

Wọ́n gbé ọkọ̀ gun orí kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì tán, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti abẹ́: ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, ojú ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ sàlẹ́ńsà ti là, ó ń fẹ́ iná sókè bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó dáàbò bo ilẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ páìpù kò sì sí níbẹ̀.

"Ta ló yọ páànù yìí?" Yitbarek bèèrè.

"Bàbá rẹ. Èmi ni mo bá a mú un. Ó ní ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kóun gbọ́ rédíò."

Yitbarek nawọ́ mú spánà.

Wọ́n tún ojú páìpù ṣe. Wọ́n jó irin dí ilẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dí gbogbo ihò tí wáyà gbà wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó kan páànù tuntun, Yitbarek fẹ́ kàn án mọ́lẹ̀ ọkọ̀ pinpin kó má baà mì. Juneydi gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Fi àyè sílẹ̀ kí ìka lè wọ̀ ọ́. Atẹ́gùn ló máa gbé ooru yẹn lọ. Bí páànù bá lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà á di ààrò."

Wọ́n wá tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn kan, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lé e. Yitbarek jí àbẹ́là ìda oyin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú èyí tí ìyá rẹ̀ tọ́jú fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ́ ẹ síbi tí ẹsẹ̀ máa wà láti fi dán ooru wò, ó wakọ̀ yí ìlú ká. Àbẹ́là kò tẹ̀.

"Ó parí," ni Juneydi wí.

"Ilẹ̀ títẹ́jú kọ́ lòkè Dengego tá a máa gùn lọ Kulubi," ni Yitbarek wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Aselefech wọ aṣọ funfun, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Juneydi ti jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú spánà.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ Mùsùlùmí, kí lò ń wá ní Kulubi?"

"Màmá, Jíbúrílù ni tiwa. Ẹni kan náà ni. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ nípa ìyàwó mi."

"Bá a sọ nípa ewé tó wà lẹ́nu rẹ ná."

Wọ́n gun òkè. Fún ìgbà díẹ̀ ó dára. Ṣùgbọ́n ṣáájú Dengego, ojú ọ̀nà kún: àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó gbé òkúta sẹ́yìn nítorí ẹ̀jẹ́, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rá bí ìgbín. Píjò ń kérora nínú gíá àkọ́kọ́. Yitbarek wo àbẹ́là tó ti fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti tẹ̀ láàárín.

Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọkọ̀ ò rìn, atẹ́gùn ò gba abẹ́ ẹ̀," ni Juneydi wí pẹ̀lẹ́. "Mi ò ro ti èrò."

"Kí ló dé tá a dúró?" Aselefech bèèrè. "Wọn ó gbé àpótí mímọ́ Gébúrẹ́lì jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìpẹ́!"

"Màmá, ilẹ̀ ti ń gbóná."

"Mi ò mọ nǹkan kan lára."

"Ìyẹn náà ni mo ń sọ! Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lára!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. Àwọn arìnrìn-àjò yíjú wò wọ́n. Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Juneydi, bọ́ síwájú, ìwọ ló máa wà á. Èmi á jókòó láàárín. Màmá, ẹ sún."

Ó gbé ẹsẹ̀ lásán tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀, wọ́n fara kan ara. Bí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, á ní, "Dúró." Juneydi á yà, á pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á retí kó tutù. Àwọn akẹ́rù á kọjá. Àwọn arúgbó tó ń fọ̀pá rìn pàápàá kọjá wọn. Orin ti dá lẹ́nu Aselefech, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń fà sẹ́yìn, tó tún ń padà.

Nígbà tí wọ́n dé Kulubi, àpótí mímọ́ ti jáde, ó ti wọlé. Ijó àwọn àlùfáà ti tán. Aselefech dúró lórí koríko, ojú rẹ̀ kún fún omi. Yitbarek kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ sórí itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Kò sí ìléròrò kan. Ó tutù.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo jẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, tó ti pọ́n bí ata. "Ta ló ní kó o bọ́ bàtà?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ ọ."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. "Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn," ló wí, "áńgẹ́lì kò dúró níta ìléru pàṣẹ. Ó wọlé bá wọn ni."

Ó mú àbẹ́là tó tẹ̀ yẹn, ó gbìyànjú láti nà án, kò nà. Ó tàn án bẹ́ẹ̀. Yitbarek tẹríba. Ó fẹ́ dúpẹ́, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ nípa iná oṣù keje ṣì wà níbi tó wà, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí ọkọ̀, kí ìyá rẹ̀ tó wọ̀ ọ́, Yitbarek ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ ọkọ̀.